Kòtò Kékeré Ojú Gìtá Bàbá Wálé

Ẹ má wo irun orí mi. Ewú kankan ò tíì sí níbẹ̀, síbẹ̀ mo ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń wá ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, èmi ti kó irinṣẹ́ mi sínú àpótí. Kì í ṣe pé mo lówó tó bẹ́ẹ̀. Àyà ló dá mi dúró, mo máa débẹ̀.

Gbogbo iṣẹ́ tí mo mọ̀ láyé, orí nǹkan pẹlẹbẹ kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ ni mo ti ṣe é. Tẹ́ ẹ bá wo gìtá oníná dáadáa, ẹ máa rí i lábẹ́ okùn, níbi tí ọwọ́ olórin ti ń lọ sókè sódò. Òun ni kì í jẹ́ kí èékánná ha ọ̀dà ara gìtá. Àwọn oníbàárà wa ń pè é ní píkígáàdì. Àwo àyà ni ọ̀gá mi ń pè é, wọ́n ní àyà ni gìtá fi ń gba ìyà. Ike ni wọ́n fi ń ṣe é níbi tí gìtá ti ń wá. Àwa ń fi igi ṣe é ní Músìn, fún àwọn gìtá àtijọ́ tí ike tiwọn ti là tàbí tí oòrùn ti ká a sókè bí àkàrà tó gbóná jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni kẹ́ ẹ kọ́, ẹ̀yin ni mo ń kọ eléyìí sí. Mi ò kàwé lọ títí, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe tó bá wà níbẹ̀.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ ò gùn. Ìyá mi mú mi lọ bá Ọ̀gá Àjàní, wọ́n ní kí n gbé àga tí n ó máa jókòó lé wá, mo gbé e wá. Owó oṣù ò sí. Oúnjẹ ọ̀sán wà, àyè ìrun Jímọ̀ sì wà. Ó parí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ọ̀gá Àjàní. Káfíńtà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ibùsùn ni wọ́n ń kàn. Olórin kan ló gbé gìtá wá lọ́jọ́ kan pé ike ojú rẹ̀ ti fọ́, òun sì ti wá irú rẹ̀ títí, òun ò rí. Ọ̀gá wo àjákù igi ọ̀gánwó tó ṣẹ́ kù lára ibùsùn tó wà nílẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló sọ pé kò lè jẹ́ igi?" Bí wọ́n ṣe fi ibùsùn sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá kan ibùsùn, oorun ló kàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kan àwo àyà, òun náà wà nínú orin.

Àwa méjì là ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà, èmi àti Kàmọ́rù. Kàmọ́rù ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Ẹnu rẹ̀ mú ju ayùn lọ. Tá a bá lọ ṣa àjákù pákó lọ́wọ́ àwọn tó ń la gẹdú létí ọ̀sà lọ́nà Mákòko, Ọ̀gá á mú igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ìka kàn án, wọ́n á gbé e sétí. Kàmọ́rù á bi wọ́n pé, "Ọ̀gá, kí ló sọ?"

"Ó ní ọ̀lẹ ni ẹ́."

"Igi yìí mà gbọ́n o. Ẹ jẹ́ ká rà á."

Àwọn tó ń la gẹdú á rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀gá ò ní rẹ́rìn-ín. Lẹ́nu iṣẹ́, mi ò rí ẹ̀rín wọn rí, àfi tí igi bá ṣe ohun tí wọ́n fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe le tó. Ọdún tí mo débẹ̀, mi ò mú ayùn. Sáńpépà ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́. Máa họ igi. Tí mo bá họ ọ́ tán, tí mo rò pé ó ti dán, wọ́n á ní kí n di ojú mi, kí n fi ọwọ́ pa á.

"Kí lo rí?"

"Ọ̀gá, mo dijú ni."

"Mo mọ̀ pé o dijú. Kí lo rí?"

Màá ní mi ò rí nǹkan kan. Wọ́n á mú ọwọ́ mi, wọ́n á gbé ìka mi sórí ibì kan báyìí, òótọ́ sì ni, màá rí i pé ibẹ̀ ṣì wú díẹ̀, bí ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ èèyàn. "Ojú máa ń purọ́ fún olójú," wọ́n á wí. "Ọwọ́ kì í purọ́."

Àwo àkọ́kọ́ tí mo gé fúnra mi, mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Mo gbé e fún wọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní, "Iṣan igi yìí, ibo ló dojú kọ?" Mo ní òkè. Wọ́n ní, "Ọwọ́ olórin ńkọ́?" Mo ní òkè náà ni. Wọ́n ní, "Tí èékánná bá ń tẹ̀ lé iṣan igi lójoojúmọ́, kí ni igi á ṣe?" Kí n tó dáhùn, wọ́n ti fi orúnkún kán an sí méjì, wọ́n sì tì í sábẹ́ ìkòkò àtè tá a fi ń lẹ igi, tó wà lórí iná. "Á là. Ìdáhùn nìyẹn." Kàmọ́rù ní, "Mufu, a dúpẹ́ o, àtè wa ti ń hó." Mo sunkún lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọn ò ti rí mi.

Òfin méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Èkíní ni pé kí á tó gbé àwo tuntun wọ gìtá, a gbọ́dọ̀ tẹ́ bébà lé àwo àtijọ́ náà kí á fi èédú pa á. Ibi tí ọwọ́ olórin ti jẹ wọnú á funfun, ìyókù á dúdú. Ojú ọwọ́ là ń pe àwòrán náà. Tí àwo bá jẹ́ ti ẹni tó ti ń fi ìka ta gìtá tipẹ́, ẹ máa rí i pé ọwọ́ èèyàn ní ilé tiẹ̀. Àwọn kan máa ń gbá okùn tí èékánná wọn á fi kan ìsàlẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń fi ìka kékeré ti ara gìtá kí ọwọ́ tó kù lè rí ibi dúró. Gẹ́gẹ́ bí ojú ọwọ́ bá ṣe rí ni Ọ̀gá ṣe máa ń mọ ibi tí igi tuntun ti gbọ́dọ̀ nípọn, àti ibi tí iṣan rẹ̀ á dojú kọ.

Òfin kejì: àwo àtijọ́, bó tiẹ̀ ti run, a ò gbọ́dọ̀ jù ú nù. A máa fi aṣọ dì í, a máa dá a padà fún olówó rẹ̀. "Ohun tó bọ́ lára ẹni, ti ẹni ni," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ. Tí oníbàárà bá ní kí la fẹ́ kí òun fi ṣe, Ọ̀gá á ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yín rèé, ẹ gbà á."

Nígbà tó yá, ọwọ́ mi dá. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín, ọwọ́ mi dá gan-an. Àwọn olórin bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè mi. Kàmọ́rù pàápàá, tí kì í yin ẹnikẹ́ni, á ní, "Ẹ fún Mufu, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi igi ṣe dígí." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Bàbá Wálé ń gbé ní Súrùlérè. Wọ́n ti ta gìtá fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin kí wọ́n tó bí mi. Gìtá wọn pupa bí epo, Ọ̀gá Àjàní ló sì ṣe àwo àyà rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe láyé wọn. Bàbá Wálé máa ń fi ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún ti ara àwo náà tí wọ́n bá ń ta á. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìka yẹn gbẹ́ kòtò kékeré kan síbẹ̀, ibi tí ẹ̀wà kan lè jókòó sí. Mo máa ń rí kòtò náà nígbà tí wọ́n bá wá mu tíì lọ́dọ̀ wa. Ojú ohun tó ti gbó ni mo fi wò ó.

Àìsàn rọpá-rọsẹ̀ wá kọ lu bàbá yìí. Apá ọ̀tún kú tipiri. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà pé kí wọ́n máa fún un, kí ọwọ́ lè padà bọ̀ sípò. Bàbá ní àwọn kì í gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n gbé gìtá fún àwọn. Ọ̀dọ̀ ìyàwó wọn, Màmá Wálé, la ti gbọ́ gbogbo èyí, lọ́jọ́ tí màmá gbé gìtá náà wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀gá ò sí nílé. Wọ́n ti lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ọwọ́ ẹ̀ ti ń bọ̀ o," màmá wí, inú wọn ń dùn. "Ó ti ń ta ìdajì orin. Ìka ò gbọ́ràn tán, ṣùgbọ́n orin ń jáde. Mufu, wo gìtá ẹ̀, etí àwo yìí ti là níbi tí wọ́n ti fi ìṣó dè é. Bá mi tún un ṣe. Mo fẹ́ kó rí i kó dà bíi tuntun, kó mọ̀ pé ayé ò tíì parí."

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ibi tó là ò ju ìdajì ìka lọ. Àtè díẹ̀, kí n dì í mú, ó parí. Ṣùgbọ́n màmá ti sọ pé kó dà bíi tuntun, èmi náà sì ti rí igi yẹn. Ọ̀gánwó àtijọ́ ni, irú èyí tí kò sí mọ́ létí ọ̀sà. Mo mọ̀ pé tí mo bá fá ojú rẹ̀ díẹ̀, iná á jó nínú ẹ̀. Mo ń ro bí Ọ̀gá á ṣe dé, tí wọ́n á rí i, tí wọ́n á rẹ́rìn-ín wọn yẹn.

Nígbà tí mo gbé ìfági, Kàmọ́rù gbójú sókè. "O ò ní fi èédú pa á?"

"Kí n fi èédú pa kí ni? Ṣé mo fẹ́ ṣe tuntun ni? Igi kan náà mà ni."

"Òótọ́ ni ṣá," Kàmọ́rù wí, ó sì ń bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ wò ó, irú àṣìṣe tí ẹni tó mọ òfin máa ń ṣe nìyẹn. Ẹni tí kò mọ òfin á bẹ̀rù, á bèèrè. Èmi mọ̀ pé tìtorí àwo tuntun la ṣe ń lo èédú. Àwo yìí kì í ṣe tuntun, nítorí náà òfin ò kàn mí. Mo fá a. Kòtò yẹn ló pẹ́ jù kó tó lọ, àfi kí gbogbo ojú igi wálẹ̀ bá a. Mo họ ọ́, mo dijú, mo fi ọwọ́ pa á, ọwọ́ mi ò kan nǹkan kan. Mo kun ún ní fáníìṣì. Mo rí eyín ara mi nínú ẹ̀.

Màmá Wálé gbàdúrà fún mi títí wọ́n fi wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Kò pẹ́ sí i tí Ọ̀gá fi dé. A ṣì ń kí wọn kú ìrìn àjò ni kẹ̀kẹ́ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Wálé fúnra wọn ló sọ̀ kalẹ̀, màmá di apá wọn mú, gìtá wà lọ́rùn awakọ̀. Bàbá ò bínú. Ìbá dáa ká ní wọ́n bínú.

"Àjàní," wọ́n ní, ọ̀rọ̀ ṣì ń wúwo lẹ́nu wọn, "mò ń wá ilé mi, mi ò rí i."

Ọ̀gá gba gìtá náà. Wọ́n wo ojú rẹ̀. Wọ́n di ojú wọn, wọ́n fi àtàǹpàkò pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n tún pa á. Nígbà tí wọ́n lajú, èmi ni wọ́n wò.

Bàbá jókòó, wọ́n fẹ́ fi hàn wá. Wọ́n gbé ìka kékeré yẹn lé ara igi, ó yọ̀. Wọ́n tún gbé e lé e, ó tún yọ̀ lọ sísàlẹ̀, gbogbo ọwọ́ tẹ̀ lé e, okùn sì dún gbàràjá. Ìka tó ti kú kì í mọ ibi tó wà, kòtò ló máa ń sọ fún un. Tó bá ti já síbẹ̀, àwọn ìka tó kù á rántí ohun tí wọ́n ń ṣe. Kò sí ẹni tó mọ̀, àfi bàbá. Màmá bú sẹ́kún, wọ́n ní, "Èmi ni mo ní kó dà bíi tuntun." Bàbá ní, "Ìwọ obìnrin yìí, sinmi. Ó kúkú dà bíi tuntun."

Ọ̀gá mú ọ̀bẹ ìgbẹ́gi. "Bàbá, ẹ fọwọ́ síbi tó máa ń wà, kí n gbẹ́ ẹ padà."

Bàbá fọwọ́ síbì kan. Ọ̀gá fi èédú sàmì síbẹ̀. Wọ́n ní kí bàbá gbé ọwọ́ kúrò, kí wọ́n tún gbé e padà. Ibòmíràn ló bọ́ sí. Wọ́n tún ṣe é, ibòmíràn. Ojú igi kún fún àmì. Ọ̀gá fi ọ̀bẹ lélẹ̀.

"Tí mo bá gbẹ́ ẹ síbi tí kì í ṣe ibẹ̀, irọ́ ni mo gbẹ́ sí i. Ẹ máa gbé e lọ, bàbá. Ẹ máa ta á bó bá ṣe bọ́ sí i. Lọ́jọ́ kan ọwọ́ á mú ibì kan. Ọjọ́ tí ẹ bá ti rí i pé ó ń mú ibì kan, n ó wá gbẹ́ ẹ fún yín." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ lo máa máa lọ wò wọ́n. Tó o bá débẹ̀, fi èédú pa á, kó o mú bébà náà wá fún mi."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá ní kí n dìde. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí omi bá dànù tí agbè ò bá fọ́, à á tún omíràn pọn. Èmi, agbè gan-an ni mo fọ́. Mo rò pé wọ́n á lé mi. Wọ́n kàn ní, "Kì í ṣe pé o ò mọṣẹ́. O mọ ọ́n jù."

Mo lọ sí Súrùlérè lẹ́ẹ̀kan. Mo di èédú mọ́ bébà sínú àpò. Bàbá wà ní bákónì, gìtá wà lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń wá ibi tí ìka á gbé. Wọ́n rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnu tó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìwọ lo fá a? Ó dán o. Ọmọ yìí, ó dán gan-an ni." Òótọ́ ọkàn wọn ni, wọ́n ń yìn mí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yín gbá yín létí ju kẹ́ ẹ gba irú oríyìn yẹn lọ. Mi ò lè mú èédú jáde. Mo ní mo kàn ní kí n kí wọn ni.

Láti ọjọ́ náà, tí iṣẹ́ bá gbé mi lọ sí apá Súrùlérè, mo máa ń gba ẹ̀yìn yípo kí n má bàa gba iwájú ilé wọn. Tí Ọ̀gá bá bèèrè, màá ní mo ti lọ, ọwọ́ bàbá ò tíì mú ibì kan. Òótọ́ ni mo sọ, mo ti lọ.

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn títí Ọ̀gá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. A kọ́kọ́ pè é ní òtútù. Ìgbà tó yá, wọn ò lè fi ìfági fá igi mọ́ àfi tí wọ́n bá jókòó. Lẹ́búlẹ́bú igi ti kún inú wọn. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹnikẹ́ni kì í bo imú. Mo di aṣọ mọ́mú nígbà kan, Kàmọ́rù ní, "Mufu, ṣé igi ń rùn sí ọ ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, mo sì tú u. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ bo imú yín. Ẹni tó bá fẹ́ rín yín, ẹ jẹ́ kó rín yín.

Ọ̀gá kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, láàárín àwọn ará ilé wọn. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n fa ìfági wọn lé mi lọ́wọ́. Wọn ò fún Kàmọ́rù, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀bùn ni tàbí ìyà.

Kàmọ́rù ò bínú. Ó ti gba Yábà lọ ní tiẹ̀, sí ibi tí àwọn ọ̀dọ́ kan ti ní ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí. O kàn máa ya àwòrán sí i, á gé igi fún ọ bí ẹni gé wàrà. Mo lọ wò ó.

"Ó dáa àbí kò dáa?" Kàmọ́rù bi mí.

"Ó dáa."

"Kì í jẹun, kì í wúkọ́, kì í sunkún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù."

Mi ò mọ̀ pé ó rí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ náà dáa, iṣẹ́ tí mò ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe, kí o tó mu píọ̀wọ́tà kan tán ó ti parí. Mo bá wọn ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, èmi ni mò ń họ etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti gbogbo èèyàn ló rí bákan náà, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè ibi tí ọwọ́ rẹ ń gbé. Nígbà tó yá, àwọn olórin bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ra èyí tí wọ́n fi ike ṣe láti òkè òkun, iṣẹ́ náà sì ń gbẹ. Kó tó gbẹ tán, àyà tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Dókítà gbé nǹkan tútù yẹn lé mi lẹ́yìn, ó ní kí n mí. Mo mí. Ó ní ṣé gbogbo èémí tí mo ní nìyẹn. Ó ní tí mo bá fẹ́ràn igi, kí n máa wò ó lókèèrè.

Bí mo ṣe dé ọjà Ìpọ̀nrí nìyẹn, tí mo ń ta ìdérí fóònù àti wáyà tí wọ́n fi ń gba iná sínú ẹ̀. Nǹkan pẹlẹbẹ náà ni, ike ni, kì í ní lẹ́búlẹ́bú.

Ibẹ̀ ni Màmá Wálé ti wá bá mi láìpẹ́ yìí. Wọ́n ti darúgbó. Ọmọ ọmọ wọn tó ti ń lọ sí yunifásítì, Ìbùkún, ló gbé gìtá náà tẹ̀ lé wọn. Mo ti dá a mọ̀ láti inú aṣọ tí wọ́n fi wé e.

"Mufu. Músìn la ti lọ wá ẹ, wọ́n ní o ti fiṣẹ́ sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Àyà mi ni. Bàbá ńkọ́ mà?"

"Bàbá ti lọ sinmi."

Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ wí nǹkan kan, ó ti ṣe díẹ̀. Ìbùkún ló fẹ́ máa ta gìtá náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ojú ẹ̀ ti wá ha jágajàga. Ṣé o ò lè bá wa fá a, kó dán bíi ti ìjọ́sí?"

Mo tú aṣọ náà. Òótọ́ ni, fáníìṣì mi ti ha kúrò. Mo ní kí Ìbùkún bá mi tọrọ èédú kan lọ́dọ̀ ìyá tó ń sun àgbàdo ní òdìkejì títì. Mo yọ kàlẹ́ńdà tó ti kọjá kúrò lára ògiri, mo tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lé ojú gìtá, mo sì fi èédú pa á, bí ó ti yẹ kí n ṣe nígbà náà.

Ìlà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Òkè, ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́, kò síbi tí kò sí. Ó dà bí ipasẹ̀ ẹni tó ń wá ilé rẹ̀ nínú òkùnkùn, tó ń kan gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò. Mo ń pa á lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ibì kan, lápá ọ̀tún, ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra. Wọ́n pọ̀ síbẹ̀, wọ́n gorí ara wọn, títí ibẹ̀ fi funfun tán, kò ju èékánná lọ. Mo ká bébà kúrò, mo dijú, mo fọwọ́ pa á. Ibẹ̀ ti ń wọnú.

"Kí nìyẹn?" màmá bèèrè.

"Bàbá ni mà."

Wọ́n wo bébà náà pẹ́. "Ojoojúmọ́ ni," wọ́n ní. "Tó bá ti mu tíì àárọ̀ tán. Kò sí orin níbẹ̀ o, ariwo lásán ni, àwọn ará ilé ń bínú. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni. Nígbà mìíràn á ní, 'Ọmọ Àjàní yẹn ò tíì wá?' Màá ní ó ń bọ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ibi tí ìtàn mi ń lọ nìyí. Èmi ni mo fá kòtò àkọ́kọ́ dànù, Ọ̀gá ti dárí ìyẹn jì mí. Àmọ́ ọwọ́ bàbá ti ń mú ibì kan, bí Ọ̀gá ṣe sọ. Tí mo bá ti lọ wò wọ́n ni, mi ò bá ti rí i. Ọ̀bẹ díẹ̀ ló kù, iṣẹ́ ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ìka á jókòó, orin á jáde. Mo ń gba ẹ̀yìn yípo, bàbá sì ń fi èékánná ṣe ohun tí ọ̀bẹ mi ìbá ṣe.

"Ṣé wàá fá a?" màmá tún bi mí.

"Rárá mà. Mi ò ní fá a."

Mo ká bébà náà, mo fi aṣọ dì í, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Ohun tó bọ́ lára ẹni, ti ẹni ni. Wọ́n gbà á, wọ́n fi sínú báàgì wọn.

Mo gbé gìtá fún Ìbùkún. Mo ní kó ta nǹkan. Ó ní ojú ń ti òun. Mo ní kò sẹ́ni tó ń wò ó, àwọn tó ń kọjá, ìdérí fóònù ni wọ́n ń wò. Ó jókòó lórí àga mi, ó gbé ọwọ́ lé e. Mo rò pé ìka rẹ̀ á já síbi tí ti bàbá ti já sí, ọkàn mi fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò já síbẹ̀. Lókè díẹ̀ ló gbé, ní ibi tí ìlà ò pọ̀ sí.

Màmá ń wò mí, bóyá màá sọ̀rọ̀.

"Ibẹ̀ náà dáa," mo wí.

Ó gbá okùn, mo sì gbọ́ bí èékánná rẹ̀ ṣe ha igi náà.